Gẹdú Lójú Omi, Èéfín Lójú Afárá

Bàbá mi kì í ra pákó láìfi èékánná àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ létí, wọ́n á gbé e sún mọ́ imú, wọ́n á wá gbé orí rẹ̀ kan sókè, wọ́n á di ojú kan, wọ́n á sì fi ojú kejì wò ó láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun bóyá ó wọ́. Bí èékánná bá wọlé jù, pákó náà ò tíì gbẹ nìyẹn. Bí wọ́n bá fi ṣe ilẹ̀kùn lóṣù yìí, á ti sún kì lóṣù tó ń bọ̀, onílé á sì wá pariwo lé wọn lórí. Káfíńtà ni wọ́n ní Mushin. Okobàbá, ní Èbúté-Mẹ́ta, ni wọ́n ti ń ra pákó. Èmi ni wọ́n máa ń mú dání lọ lọ́jọ́ Sátidé, torí pé èmi ni àkọ́bí, mo sì lè di ẹnu okùn mú nígbà tí wọ́n bá ń di ẹrù.

Ẹni tí kò bá dé Okobàbá rí á ti rí i lókèèrè. Bí ọkọ̀ bá gun afárá Third Mainland láti Adékúnlé, tó kọjú sí Erékùṣù Èkó, kí onítọ̀hún wo apá ọ̀tún. Ibi tí èéfín ti ń rú létí ọ̀sà, tí àtíbàbà páànù tó ti dípẹtà tò lọ bẹẹrẹ, tí gẹdú sì bo ojú omi bí ẹní tí wọ́n tẹ́, ibẹ̀ ni. Ọdún 1990 ni wọ́n ṣí afárá náà tán pátápátá, ṣùgbọ́n àwọn onígẹdú ti wà níbẹ̀ kí afárá tó dé. Mo fẹ́ kí a rántí èyí nígbàkígbà tí wọ́n bá ń sọ pé ibẹ̀ ò dùn ún wò lójú ẹni tó ń gba orí afárá kọjá.

Bí a bá gba ìsàlẹ̀ wọ ibẹ̀, etí ló ń kọ́kọ́ mọ̀ pé a ti dé. Bí gẹdú bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú ẹ̀rọ ìlagi, igbe ẹ̀rọ náà á rinlẹ̀. Bí ó bá ti ń jáde, á lọ sókè fíofío. Ìyẹ̀fun pákó á máa tú jáde lábẹ́ rẹ̀. Ti ọ̀gànwó pupa, ti ìrókò dà bí èlùbọ́, ti arère funfun bíi gààrí Ìjẹ̀bú. Ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ gan-an, ìyẹ̀fun pákó ọlọ́dún gbọọrọ ni, ó rọ̀ bíi tìmùtìmù. Ẹsẹ̀ á máa rì, omi dúdú á sì máa sun jáde níbi tí ẹsẹ̀ bá ti kúrò. Ìyá mi kì í jẹ́ kí n wọ bàtà gidi lọ.

Ṣùgbọ́n etí omi ni ọkàn mi máa ń wà. Gẹdú tí wọ́n gé nínú igbó Oǹdó, Ẹdó, Delta àti apá odò Ìpínlẹ̀ Ògùn, ojú omi ni wọ́n ń gbà wọ Èkó. Wọ́n á so ó pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, ọkọ̀ onínẹ́ńjìnnì kékeré kan á máa fà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ gba inú odò kéékèèké bọ́ sínú ọ̀sà. Igi fúyẹ́ bí arère á léfòó fúnra rẹ̀. Igi wúwo á rì bí wọ́n bá dá a dá omi, nítorí náà wọ́n máa ń so ó mọ́ èyí tó fúyẹ́, kí èyí tó fúyẹ́ máa gbé e lọ. Àwọn tó ń kó o bọ̀ á ta tapólì sórí rẹ̀ ṣe ahéré, wọ́n á dáná síbẹ̀, wọ́n á sùn síbẹ̀, ọjọ́ púpọ̀ ni wọ́n sì ń lò lójú omi kí wọ́n tó dé.

Mo tó bí ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí mo bi bàbá àgbàlagbà kan léèrè lọ́jọ́ kan, níbi tó ti ń fọ ìkòkò lórí gẹdú. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀rù kì í bà yín lóru?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ojú tó ti rí òkun, ṣé ó tún lè rí ọ̀sà kó bẹ̀rù? Omi kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, ọmọ mi, títì ni. Wo gbogbo igi tó wà lẹ́yìn mi yìí. Bí wọ́n bá ní kí tírélà gbé e, tírélà mélòó ló máa gbé e? Èló ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ olówó igi? Èló ni bàbá rẹ á wá ra pákó?"

Ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

N kò ní purọ́ nípa èéfín o. Àǹtí mi kan gbé ní Adékúnlé fún ọdún púpọ̀, aṣọ funfun kì í gbẹ lórí okùn wọn kó ṣì funfun. Òru ni wọ́n máa ń dáná sun ìyẹ̀fun pákó jù, torí kò síbi tí wọ́n fẹ́ kó o sí mọ́. Bí ọyẹ́ bá dé, tí atẹ́gùn ò fẹ́, èéfín yẹn á jókòó sórí àdúgbò títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àǹtí mi máa ń wú ikọ́ gbígbẹ tí kò gbọ́ oògùn. Ọmọ wọn kékeré ní àìsàn tí kì í jẹ́ kó mí délẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń gbé e dìde lóru kó lè mí. Iná náà sì ń jó níbẹ̀ léraléra, ó ń jó àtíbàbà, ó ń jó ilé, torí pé ibi tí ìyẹ̀fun pákó bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀ta iná kan ti tó. Ọ̀sà pẹ̀lú ò sinmi. Omi tí ìyẹ̀fun pákó bá ti rà sí fún ọdún àìmọye, ẹja ò ní fẹ́ dúró níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé kí gbogbo nǹkan wà bó ṣe wà, mo mọ̀ pé kò sùn sí Adékúnlé rí.

Ohun tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń sọ, tí ìjọba kan ń fi lé ìjọba míì lọ́wọ́, ni pé kí àwọn onígẹdú kó lọ sí Àgbọwà, ní apá Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́, níbi tí wọ́n pè ní Timberville. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, inú bí mi. Nígbà tí mo ronú sí i, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Etí ọ̀sà ni Àgbọwà náà wà. Gẹdú tó ń bọ̀ láti ìlà oòrùn á tilẹ̀ tètè débẹ̀ ju Èbúté-Mẹ́ta lọ. Bí wọ́n bá ṣe ibẹ̀ bó ṣe yẹ, tí iná mànàmáná wà, tí wọ́n sì rí nǹkan fi ìyẹ̀fun pákó ṣe dípò kí wọ́n máa sun ún, ara á tu àwọn onígẹdú, ara á tu àǹtí mi.

Ìbéèrè tèmi ni pé, lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ ìlagi tó kẹ́yìn bá kúrò ní Okobàbá, kí ni wọ́n fẹ́ fi etí omi yẹn ṣe?

Torí pé a ti rí irú rẹ̀ rí. Ní oṣù Keje ọdún 1990, lábẹ́ ìjọba ológun, katakata tí ń wólé wọ àdúgbò Màrókò ní Èkó. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé ibẹ̀ dọ̀tí, pé omi máa ń ya wọ̀ ọ́, pé kò yẹ kí èèyàn máa gbé irú ibẹ̀. Àwọn tí wọ́n lé jáde, wọ́n fojú bù wọ́n sí bí 300,000. Lónìí, ẹ lọ wo ilẹ̀ yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Victoria Island. Omi tí wọ́n ní ó ń ya wọ̀ ọ́ ò ní kí àwọn olówó má kọ́lé síbẹ̀. Wọ́n rọ iyanrìn dí i, wọ́n la títì, wọ́n tò ó. Bí ilẹ̀ ò bá dára fún tálákà, tó wá dára fún olówó lẹ́yìn ọdún díẹ̀, a jẹ́ pé kì í ṣe ilẹ̀ náà ni wọ́n ń bá jà.

Iṣẹ́ ló sọ Èkó di Èkó, ẹ má jẹ́ ká gbàgbé. Èkó àrómisá lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀ tí à ń kì, ẹnu rẹ̀ ò gba ọkọ̀ ńlá nígbà kan, torí iyanrìn tó dí ẹnu ọ̀nà láti òkun. Ìta lójú òkun ni ọkọ̀ ńlá máa ń dúró, tí ọkọ̀ kékeré á lọ pàdé rẹ̀ láti já ẹrù. Ọdún 1908 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta wọ inú òkun kí ẹnu ọ̀nà lè jìn. Òkúta yẹn, láti Àró ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti fi rélùwéè kó o wá, rélùwéè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Ìdó ní 1896, tó sì ti dé Ìbàdàn ní 1901. Ọdún 1926 ni èbúté Àpápá ṣí. Kòkó, ẹ̀pà àti awọ gba ibẹ̀ lọ. Sìmẹ́ǹtì, iyọ̀ àti irin gba ibẹ̀ wọlé. Òkúta Abẹ́òkúta yẹn náà ló wá dí ọ̀nà iyanrìn tí òkun ń gbá lọ sí ìlà oòrùn, tí òkun fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etíkun Bar Beach lọ́dọọdún, títí wọ́n fi wá to odi ńlá síbẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ ìlú àwọn olówó tí à ń pè ní Eko Atlantic sẹ́yìn odi náà. Nǹkan ń bí nǹkan lójú omi. Ẹni tó bá fọwọ́ kan etí omi kan, kó mọ̀ pé òun ti fọwọ́ kan òmíràn.

Èbúté-Mẹ́ta, ẹ gbọ́ orúkọ yẹn bí Yorùbá ṣe ń gbọ́ ọ. Ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí ni èbúté. Ṣé ìgbà tí kò bá sí ọkọ̀ tó ń gúnlẹ̀ mọ́ la máa wá mọ ìtumọ̀ rẹ̀?

Mo ń gbé ní Plumstead báyìí, ní ìlà oòrùn gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Woolwich níbi tí Yorùbá ti pọ̀ débi pé èèyàn lè ra irú àti ẹ̀fọ́ ṣọkọ láìsọ Gẹ̀ẹ́sì kan. Ọkọ̀ ojú omi kan wà níbẹ̀ tó ń gbé èèyàn àti mọ́tò sọdá odò Thames lọ́fẹ̀ẹ́ láti 1889. Bí mo bá wà nínú rẹ̀, tí mo wo apá ọwọ́ òsì bí a ti ń sọdá, mo máa ń rí ilé iṣẹ́ ṣúgà Tate & Lyle ní Silvertown. Henry Tate ló dá a sílẹ̀ ní 1878, ó sì ń ṣiṣẹ́ dòní. Ọkọ̀ òkun ló ń gbé ṣúgà tí wọn ò tíì fọ̀ wá síbẹ̀, ó ń já a sí etí odò ní ojú ilé gogoro tuntun tí wọ́n ń kọ́ yí i ká. Lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá fẹ́ wá sọ́dọ̀ wa, òórùn dídùn kan máa ń bá a wá, bíi ti ṣúgà tí wọ́n ń yọ́ nínú ìkòkò. Ní ọ̀ọ́kán lókè odò, ilé gíga Canary Wharf ń dán. Èbúté ni ibẹ̀ náà rí. Ọkọ̀ òkun ti tóbi jù, kọ̀ǹténà ti dé, iṣẹ́ sì kó lọ sí Tilbury níbi tí omi ti jìn. Ní 1981, Royal Docks, èbúté tó kẹ́yìn ní àyíká náà, kógbá sílé, ọdún yẹn náà sì ni ìjọba gbé àjọ kan dìde pé kí wọ́n sọ gbogbo àyíká rẹ̀ dọ̀tun. Wọ́n sọ ọ́ dọ̀tun lóòótọ́. Àwọn tó ń gbé ẹrù lórí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti àwọn ọmọ wọn, ọ̀pọ̀ wọn ò lè ra yàrá kan níbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí Lọ́ńdọ̀nù wá kọ́ lẹ́yìn ìyẹn, òun sì ni mo fẹ́ kí Èkó jí kọ́. Láti 1997, ìjọba yan àwọn èbúté kan lẹ́bàá Thames, iye wọn tó bí 50 lónìí, pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ wọ́n di ilé gbígbé níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì lè wúlò fún ẹrù, kódà bí èbúté náà bá ṣófo fún ìgbà díẹ̀. Ní Charlton, tí kò jìnnà sí mi, ọkọ̀ tó ń wa iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ òkun ń wá já a síbẹ̀, òun ni wọ́n sì fi ń po kọnkéré ilé gogoro wọ̀nyẹn. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́ ilé tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ibẹ̀, òfin ní òun ni yóò wá nǹkan ṣe sí ariwo, òun ni yóò fi gíláàsì tó nípọn sí fèrèsé. Àlejò kì í dé kó ní kí onílé má gúnyán mọ́.

Kí ló dé tó fi nílò òfin? Nítorí owó ilẹ̀ ni. Ẹni tó bá kọ́ ilé alájà ogún sétí omi, á ta yàrá kọ̀ọ̀kan ní iye tí onípákó ò lè rí nínú ọdún púpọ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ẹni tó lówó jù, iṣẹ́ ò lè borí láé, kódà bó jẹ́ iṣẹ́ tí gbogbo ìlú ń jẹ lára rẹ̀. Èbúté tó bá sì ti di ilé gbígbé, ó parí. N kò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti wó ilé olówó kí ọkọ̀ ẹrù lè padà wá gúnlẹ̀. Ẹni tó ń gbé ilé olówó lè fẹ́ràn omi, n ò bá a jà, ojú ló fi ń lò ó. Onígẹdú, apẹja, oníyanrìn, ẹni tó ń kan ọkọ̀, omi ni ọ̀nà tiwọn. Bí a bá mú wọn kúrò níbẹ̀, títì ni wọ́n máa wá.

Ohun tí títì ń ṣe, Àpápá ti fi hàn wá. Ibi tí wọ́n ń pè ní GRA Àpápá, tí igi ń ṣíji bo títì rẹ̀ nígbà kan, a mọ ohun tó dà nígbà tí tírélà fi ọjọ́ púpọ̀ tò síbẹ̀, tí awakọ̀ ń sùn sábẹ́ ọkọ̀, tí wọ́n ń wẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà. Àwọn kan ní èbúté ló fà á, kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Lekki, níbi tí èbúté tuntun ti ṣí ní 2023. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Àpápá ni pé rélùwéè dákú, ẹrù gbogbo sì rọ́ lu títì. Bájì kan, ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí ń kó ẹrù lójú omi, tó bá gbé 1,000 tọ́ọ̀nù, tírélà 50 tó ń gbé 20 tọ́ọ̀nù ló gbà kúrò lójú títì. Bájì sì ti ń gbé kọ̀ǹténà láti Àpápá lọ sí Ìkòròdú lójú ọ̀sà wa yìí. Ṣùgbọ́n bájì ò ní gúnlẹ̀ sínú pálọ̀ ẹnìkan. Ó nílò etí omi tí kò tíì di pálọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí etí omi Okobàbá ṣì máa jẹ́ ti iṣẹ́, bí àwọn onígẹdú bá tilẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tí kò ní èéfín ni kó jẹ́, n ò jiyàn ìyẹn. Kí wọ́n ṣe ibùdó bájì síbẹ̀, kí wọ́n ṣe ibi ìkànkọ̀, kí wọ́n ṣe ọjà ẹja tó ní yìnyín fún àwọn ará Màkókó, kí ọkọ̀ èrò gúnlẹ̀ síbẹ̀, kí àǹtí mi náà sì lè rí ibì kan jókòó sí létí ọ̀sà nírọ̀lẹ́. Ká fi òfin dè é kí ẹnikẹ́ni tó wá fi owó dán wa wò.

Òmíràn wà tí mo fẹ́ kí wọ́n gbé yẹ̀wò lórí ọ̀rọ̀ Àgbọwà. Ẹ̀rọ rọrùn láti kó. Ẹ wo àwọn tó yí ẹ̀rọ náà ká. Ẹnìkan wà tó jẹ́ pé ayùn pípọ́n nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Alábàárù wà. Ìyá tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà wà. Àwọn kan ń wá kó ìyẹ̀fun pákó lọ fún olóko adìyẹ. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ń wá ra èépá igi tó kù lára gẹdú, òun ni wọ́n fi ń dáná, òun ló ń jẹ́ kí ẹja náà dé ọbẹ̀ wa. Káfíńtà Mushin, ti Bàrígà, ti Súrùlérè sì wà, tó lè gbéra láàárọ̀, kó ra pákó mẹ́ta, kó padà délé kó tó di ọ̀sán. Bí wọ́n bá kó ẹ̀rọ lọ, tí wọn ò wá ọ̀nà fún ìwọ̀nyí, wọ́n kó egungun lọ ni, wọ́n fi ẹran sílẹ̀. (Igbó pẹ̀lú ń tán lọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, gẹdú tó dùbúlẹ̀ ga jù mí lọ. Èyí tí mo rí kẹ́yìn ò ju orúnkún mi. Ibi yòówù kí wọ́n ti máa là á, bí wọn ò bá gbin òmíràn, ariyànjiyàn wa yìí á tán fúnra rẹ̀.)

Oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni mo bá bàbá mi débẹ̀ kẹ́yìn. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ilé ìdáná tiwọn ti bàjẹ́, wọn ò sì gbà kí ẹlòmíì bá wọn ra pákó rẹ̀. Ìyá tí wọ́n ti ń bá rà láti ìgbà tí mo wà ní kékeré ṣì wà níbẹ̀, ó ti fi gèlè dí imú.

"Bàbá Káfíńtà! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"A dúpẹ́, ìyá. Wọ́n ní ẹ ń kó lọ sí Àgbọwà."

"Wọ́n ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, kí ni mo fẹ́ fi èéfín yìí ṣe, Bàbá? Àwọn ọmọ tèmi gan-an ń wúkọ́. Ẹ̀yin ni mò ń rò. Bí ẹ bá fẹ́ ra pákó mẹ́ta báyìí, ṣé Àgbọwà lẹ máa wá?"

Bàbá mi ò fèsì. Wọ́n fi èékánná tẹ pákó ìrókò kan, wọ́n gbé e sí imú, wọ́n sì ní kí ó yọ méjì sí i tó bá a mu.

Ìyá náà bá wa kó pákó pa mọ́, torí a fẹ́ kọ́kọ́ ya ọ̀dọ̀ àbúrò mi ní Ajah. Bí ọkọ̀ ṣe gun afárá, bàbá mi ní kí n bọ́ sí apá òsì kí àwọn lè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé apá ọ̀tún. Wọ́n yí gíláàsì sílẹ̀, èéfín wọlé, awakọ̀ kùn, wọn ò dá a lóhùn. Ẹnu wọn ń mì, mo sún mọ́ wọn kí n gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Gẹdú tó ń bọ̀ lójú omi ni wọ́n ń kà.

"Èyí tó wà níwájú yẹn, arère ni," wọ́n ní. "Wò ó bó ṣe gbéra lórí omi."